Mo tú oríkì ìbejì palẹ̀: sílébù, ohùn àti àwítúnwí inú ẹ̀

Oríkì ìbejì tí gbogbo wa gbọ́ dàgbà yẹn ni mo gbé sórí tábìlì o, mo fẹ́ tú u ní ẹyọ-ẹyọ bí mẹkáníìkì ṣe ń tú ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà, kí n rí ibi tí adùn ẹ̀ ti ń wá gan-an. Ohun tó gbé mi dé ìdí iṣẹ́ yìí ni pé tí wọ́n bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ewì nílé ìwé, mítà àti ráìmù àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gbé jáde, sílébù mẹ́wàá nínú ìlà, ọ̀kan á rọra jáde, èyí tó tẹ̀ lé e á le, bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ìparí ìlà yìí dún bí ìparí tọ̀hún, tí wọ́n bá wá dé orí ewì Yorùbá wọ́n á ní tiwa ò ní mítà, kò ní ráìmù, ó kàn ń lọ ṣáá ni. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí. Ẹni tó bá ti jókòó ti ìyá àgbà tó mọ oríkì pè rí, ó mọ̀ pé nǹkankan ò kàn lọ ṣáá níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá yọ ọ̀rọ̀ kan péré kúrò ẹ máa gbọ́ ọ létí pé nǹkan ti já. Ìwọ̀n wà níbẹ̀. Irú ìwọ̀n wo ni? Òun ni mo ń wá.

Ohun èlò àti bí mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀

Nǹkankan ò wọ́n níbẹ̀. Fóònù tí mo fi rìkọ́dù, Audacity, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gbọ́ ohùn tí wọ́n sì fi ń gé e (ọ̀fẹ́ ni), kí n lè máa gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ kí n sì rí ibi tí èémí ti já, Excel, àti ìwé kan pẹ̀lú bírò. Ẹni tó pe oríkì náà fún mi ni ìyá àgbà kan láti Igbó-Ọrà, ìlú yẹn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí òkìkí ẹ̀ kàn káàkiri ayé torí ìbejì, Màmá fúnra wọn sì bí ìbejì, torí náà kì í ṣe pé wọ́n ń ka nǹkan fún mi, ọmọ wọn ni wọ́n ń kì. Mo mọ̀ pé bí Ọ̀yọ́ ṣe ń pè é lè yàtọ̀ díẹ̀ sí ti Ìjẹ̀bú tàbí ti Ẹ̀gbá, ilé sí ilé gan-an ó lè yàtọ̀, torí ẹ̀ ni mo ṣe dìrọ̀ mọ́ ẹnu Màmá nìkan, mi ò fi ti ẹlòmíì lú u. Apá tí mo mú nìyí:

Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn
Edúnjọbí
Ọmọ edun tíí ṣeré orí igi
Ó bẹ́ kìṣì, ó bẹ́ kẹ́ṣẹ́
Ó fẹsẹ̀ méjèèjì bẹ́ sílé alákìísà
Ó sọ alákìísà di onígba aṣọ
Gbajúmọ̀ ọmọ tíí gbàkúnlẹ̀ ìyá
Tíí gbàdọ̀bálẹ̀ lọ́wọ́ baba
Wínníwínní lójú orogún
Èjìwọ̀rọ̀ lójú ìyá ẹ̀

Ìlà mẹ́wàá. Èmi ni mo gé e sí ìlà o, ẹnu Màmá ò ní ìlà, mo ṣì máa padà sórí ìyẹn.

Kíka sílébù

Mo kọ́kọ́ rò pé kí n jẹ́ kí Excel bá mi kà á, ìyẹn ni mo ṣe kọ́kọ́ da gbogbo ẹ̀ sínú ṣíìtì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ fetí sí èyí dáadáa: kọ̀ǹpútà ò ka lẹ́tà wa bí a ṣe ń kà á. Lẹ́tà ẹ tó ní àmì lábẹ́ ní kóòdù tirẹ̀, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fi àmì òkè lé e lórí, kò sí kóòdù kan ṣoṣo tó jẹ́ ẹ́, méjì ni kọ̀ǹpútà tò pọ̀, ẹ pẹ̀lú àmì òkè tó dá dúró. Ọ náà bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀dù ìtẹ̀wé míì tún wà tó jẹ́ mẹ́ta ló máa tò pọ̀, e lásán, àmì abẹ́, àmì òkè. Lójú wa ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀, lójú Excel ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, tẹ́ ẹ bá ní kó wá bẹ́ jáde, ó lè ní òun ò rí i nígbà tó jẹ́ pé ó wà níwájú ẹ̀ gbangba. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà di irú kan ṣoṣo, NFC ni wọ́n ń pè é, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohunkóhun. Tún wá wo gb, lẹ́tà méjì, ìró kan. Un inú Ìṣokùn, lẹ́tà méjì, fáwẹ̀lì kan. Kò sí bí fọ́múlà ṣe máa mọ ìyẹn láìjẹ́ pé a kọ́ ọ, torí náà ọwọ́ ni mo fi gé e, sílébù kan nínú àpótí kan, mo ń fọwọ́ lu tábìlì bí mo ṣe ń gé e.

Bó ṣe jáde lórí ìwé: 8, 4, 12, 8, 15, 13, 12, 10, 9, 9. Tẹ́ ẹ bá rò ó pọ̀, 100 géérégé ni, èyí pa mí lẹ́rìn-ín ayọ̀ díẹ̀ ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí nǹkankan, torí ọ̀rọ̀ tí mo bá fi kún un tàbí tí mo bá yọ ló máa ba iye yẹn jẹ́. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ẹni tó bá ń wá ìlà tó gùn dọ́gba, kò ní rí i níbí. Edúnjọbí, 4 péré. Ìlà tí wọ́n ti bẹ́ sílé alákìísà, 15. Mítà Gẹ̀ẹ́sì ò lè gbà á.

Ìwé gan-an tún ń purọ́ fún wa. Ìlà kẹfà, mo ka 13 torí bí mo ṣe kọ ọ́, Ó sọ alákìísà di onígba aṣọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni Màmá pè é? Rárá o. Ohun tó wà nínú rìkọ́dù ni Ó salákìísà donígba aṣọ, sọ ti wọnú alákìísà, di ti wọnú onígba, sílébù méjì ti fò lọ, ó di 11. Ìpàrójẹ tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé nìyẹn, tí a rò pé ọ̀rọ̀ gírámà lásán ni, òun ni irinṣẹ́ tí akéwì fi ń fún ìlà tàbí fi ń tú u. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìlà sáré á pa ìró jẹ, ẹni tó bá fẹ́ kó falẹ̀ á pè é tán pérépéré. Torí náà mo ṣí kọ́lọ́ọ̀mù tuntun, ọ̀kan fún bó ṣe wà lórí ìwé, ọ̀kan fún bó ṣe wà lẹ́nu, ibi tí àwọn méjèèjì ò bá ti bára mu mo kùn ún ní àwọ̀ ewé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ka ewì Yorùbá, láti ẹnu ni kẹ́ ẹ ti kà á.

Ráìmù dà?

Mi ò ní pẹ́ níbí. Ìparí àwọn ìlà náà ni kùn, bí, gi, ṣẹ́, sà, ṣọ, yá, ba, gún, ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í parí sórí kọ́ńsónáǹtì, fáwẹ̀lì ni gbogbo ẹ̀ ń parí sí, àìránmúpè 7 ló sì wà, pẹ̀lú àránmúpè 5 bí a ṣe ń kọ wọ́n. Pẹ̀lú ìyẹn ẹ kàn máa ṣubú lu ráìmù ni láìwá a, ta ló wá fẹ́ yangàn pẹ̀lú nǹkan tó pọ̀ bí iyanrìn. Ṣùgbọ́n ẹ wo nǹkan kan tó gbà mí láyè: ìlà karùn-ún, ìkeje àti ìkẹjọ, orí a ni gbogbo wọn parí sí, alákìísà, ìyá, baba. Kí ló dé tí etí ò gbọ́ ọ bíi ráìmù? Ẹ pè é sókè. Sà, yá, ba. Dò, mí, re. Ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pé síbẹ̀, kò sí èyí tó bá èkejì mu. Fáwẹ̀lì bára mu, ohùn ò bára mu, etí Yorùbá sì ti sọ pé wọn ò jọra. Ibí yìí ló ti yé mi pé ohùn ni mo gbọ́dọ̀ lọ wá.

Ohùn, ibi tí iṣẹ́ wà gan-an

Mo ṣe ṣíìtì kejì. Àpótí kan fún sílébù kan, mo tẹ d fún ohùn ìsàlẹ̀, r fún àárín, m fún òkè, mo sì ní kí Excel máa kun ún fúnra ẹ̀, dò ní búlúù, re ní yẹ́lò, mí ní pupa. Iṣẹ́ sùúrù ni, torí ohùn àárín ò ní àmì, ẹ gbọ́dọ̀ máa rántí pé àpótí tí ò ní àmì kì í ṣe òfìfo. Nígbà tí mo kùn ún tán tí mo wá tẹ̀yìn wò ó láti ọ̀ọ́kán, ara mi bù máṣọ.

Ìlà kejì àti ìkẹta, Edúnjọbí, Ọmọ edun tíí ṣeré orí igi. Sílébù 16 ló wà nínú àwọn méjèèjì. Kò sí búlúù kan ṣoṣo níbẹ̀. Re mí re mí, re re re re mí mí re mí re mí re re. Odindi ibi tí edun wà lókè igi tó ń ṣeré, ohùn ìsàlẹ̀ ò yọjú rárá. Edun yìí, fún ẹ̀yin ọmọ ìgboro, ọ̀bọ dúdú-funfun onírù gígùn yẹn ni, orí igi ni ilé ẹ̀, kì í fẹ́ fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Wọ́n wá bẹ́. Ó fẹsẹ̀ méjèèjì bẹ́ sílé alákìísà, ẹ ka dò inú ẹ̀: sẹ̀, jè, è, jì, kì, sà, mẹ́fà nínú 15. Búlúù ya wọ ṣíìtì lójijì. Èmi ò ní sọ pé ẹni tó kọ́kọ́ dá oríkì náà jókòó ṣírò ẹ̀ o, ṣùgbọ́n mo gbà tọkàntọkàn pé etí ẹ̀ ló yàn án, torí ọ̀pọ̀ ẹnu ló ti gba oríkì yìí kọjá, èyí tó bá rọ etí lọ́rùn làwọn ènìyàn ń dì mú.

Ẹ wá wo ìlà kẹrin, òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Ó bẹ́ kìṣì, ó bẹ́ kẹ́ṣẹ́. Sílébù mẹ́rin, sílébù mẹ́rin. Ó bẹ́ àkọ́kọ́ àti ó bẹ́ ìkejì, ọ̀kan náà, mí mí. K àti ṣ, k àti ṣ, ọ̀kan náà. Kí ló wá yí padà? Fáwẹ̀lì àti ohùn nìkan: ì ì ti di ẹ́ ẹ́, dò dò ti di mí mí. Ẹ bá mi pè é pẹ̀lú ẹnu, ẹ máa gbọ́ ọ bí ọmọ náà ṣe balẹ̀ sí apá ibí tó tún fò sọ́hùn-ún. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di ó bẹ́ kìṣì, ó bẹ́ kìṣì, ìtàn ò yí padà, ṣùgbọ́n ó ti kú. Tẹ́ ẹ bá sì yí bẹ́ àkọ́kọ́ padà, ó fò kìṣì, ó bẹ́ kẹ́ṣẹ́, ó ti tú. Kí ohun tó pọ̀ jù dúró, kí ohun kékeré kan wá yí, ibẹ̀ ni.

Ìlà kẹsàn-án àti ìkẹwàá gbé e kọjá bẹ́ẹ̀. Wínníwínní lójú orogún, Èjìwọ̀rọ̀ lójú ìyá ẹ̀. 9 àti 9, ìlà méjì péré tó tẹ̀ lé ara wọn tí iye wọn dọ́gba nìyẹn. Bí Màmá ṣe pè é, wínníwínní jẹ́ mí mí mí mí, èjìwọ̀rọ̀ jẹ́ dò dò dò dò. Pupa mẹ́rin lórí búlúù mẹ́rin. Lójú wá dúró sáàárín bí òpó, kò yẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀, orogún, re re mí, ìyá ẹ̀, dò mí dò. Lójú orogún àwọn ọmọ yìí kéré wínníwínní, ohùn náà tín-ín-rín sókè, lójú ìyá tó bí wọn nǹkan ńlá ni wọ́n, ohùn náà wúwo balẹ̀. Ìjà ilé olórogún odindi, wọ́n kó o sínú sílébù 18. Ráìmù wo ló fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí?

Àwítúnwí

Mo fi láìnì so gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá tún padà wá. Bẹ́ wà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ìlà kẹrin àti ìkarùn-ún. Ó ló bẹ̀rẹ̀ ìlà mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn. Alákìísà parí ìlà karùn-ún, kíá ìlà kẹfà ti gbé e nílẹ̀ lọ, ó sọ alákìísà di, bíi pé ẹnìkan ju nǹkan, tí ẹnìkejì hán an. Tíí wà ní ìlà kẹta, ìkeje, ìkẹjọ, òun ló so edun orí igi mọ́ ọmọ tó ń gba ìkúnlẹ̀. Àti gbàkúnlẹ̀ pẹ̀lú gbàdọ̀bálẹ̀, gbà lórí, lẹ̀ nídìí, ìyá kúnlẹ̀, bàbá dọ̀bálẹ̀, ohun tó wà láàárín nìkan ló yí. Àgbàlagbà méjì ń fi orí balẹ̀ fún ọmọ ọwọ́, kí ẹ tó lè gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́, ó gbọ́dọ̀ wá nínú ohùn tó dá ara ẹ̀ lójú, àwítúnwí yẹn ló fún un ní ìdánilójú.

Orin tí wọ́n máa ń dá lé e náà, Epo ń bẹ, ẹ̀wà ń bẹ o, àyà mi ò já láti bí ìbejì, mo yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú. Férémù kan náà, ń bẹ, ń bẹ, epo jẹ́ re re, ẹ̀wà jẹ́ dò dò. Oúnjẹ ìbejì nìyẹn, ẹ̀wà elépo pupa, ó sì wọlé sínú férémù bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n fún un.

Nítorí náà tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni mítà oríkì yìí, èsì mi ni pé férémù tó ń padà wá ni, pẹ̀lú èémí ẹni tó ń pè é. Èémí yìí, Audacity ló jẹ́ kí n rí i dáadáa. Àwọn ibi tí Màmá ti mí ò bá ìlà mi mu. Wọ́n mí lẹ́yìn Edúnjọbí, wọn ò mí lẹ́yìn Ìṣokùn rárá. Láti ó fẹsẹ̀ méjèèjì títí dé onígba aṣọ, èémí kan ṣoṣo, sílébù tó lé ní 25 nínú èémí kan, ìyẹn ló jẹ́ kí fífò náà lágbára, kò sí ibi tẹ́ ẹ ti lè sinmi títí alákìísà fi di olówó. Mo bi wọ́n pé Màmá, ẹ ò ṣe mí síbẹ̀? Wọ́n ní, "Ọmọ mi, tí mo bá mí síbẹ̀, alákìísà ò ní lówó mọ́ nìyẹn." Mo kọ ọ́ sínú ṣíìtì bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ní kọ́lọ́ọ̀mù àlàyé.

Àwọn tó ti ka sílébù ṣáájú wa

Ẹ̀yin ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ti rí iye sílébù rí, nọ́ńbà tó wà lórí orin nínú ìwé orin mímọ́ yẹn, 8.7.8.7, tàbí C.M. tó túmọ̀ sí 8.6.8.6. Àwọn tó túmọ̀ orin Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá láyé ìjímìjí ka sílébù pé pérépéré kó lè bá ohùn orin tó ti ìlú òyìnbó wá mu. Iye pé, ohùn ò pé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ wálẹ̀ ni orin ń gòkè, ọ̀rọ̀ kan ń di ọ̀rọ̀ míì lẹ́nu àwọn ìjọ, àwọn àgbà wa gbọ́ ọ wọ́n sì mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn bíi àlùfáà Canon J.J. Ransome-Kuti ní Abẹ́òkúta ló wá ń fi ohùn ọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀ ṣe orin, 1922 ló ṣe rìkọ́dù wọn fún iléeṣẹ́ rìkọ́dù Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù, ìyàtọ̀ náà hàn gedegbe. Ẹ̀rí tó tó nìyẹn fún mi pé iye sílébù nìkan ò lè gbé ewì Yorùbá dúró.

Ìdánwò: ẹ jẹ́ ká yọ ọ̀rọ̀ kúrò

Tó bá jẹ́ lóòótọ́ pé ohùn ló gbé oríkì yìí dúró, a jẹ́ pé tí mo bá yọ gbogbo fáwẹ̀lì àti kọ́ńsónáǹtì kúrò, ó yẹ kó ṣì wà láàyè. Ìlù ló lè ṣe ìyẹn. Mo bẹ ọmọ Àyàn kan tó ń lu gángan ládùúgbò wa, mo ní kó bá mi lu ìlà mẹ́rin, kẹrin, ìkarùn-ún, ìkẹsàn-án, ìkẹwàá, kó má sọ nǹkankan, mo pe àwọn ará ilé jókòó, mi ò sọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ fún wọn. Kó tó lu kìṣì tán làwọn àgbà ti ń rẹ́rìn-ín, ìyá kan ti dáhùn, "Ẹ̀jìrẹ́!" Àwọn ọ̀dọ́ ò tètè mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n nígbà tó dé orí dò mẹ́rin lẹ́yìn mí mẹ́rin, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kan ní lójú orogún nìyẹn kẹ̀. Ẹ bá mi rò ó wò, ìlù ò ní fáwẹ̀lì. Ráìmù èyíkéyìí tí a bá lù bẹ́ẹ̀ ti parẹ́, kò sí bó ṣe lè dé etí ẹni. Èyí dé.

Ọmọ Àyàn náà tún tọ́ ṣíìtì mi sọ́nà níbì kan. Lórí méjèèjì, mo ya àpótí dò mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tí gígùn wọn dọ́gba, ó ní lọ́wọ́ òun jè àti è kì í ṣe ìlù méjì, ìlù kan tó gùn ni, òun ń di ọṣán mú títí tó fi dé jì. Mo ti wá fi ìlà kan kún un lábẹ́ ohùn fún gígùn, kúkúrú àti gígùn, mo ti ṣe é dé ìlà kẹfà, tíí inú ìlà kẹta náà ti yí padà pẹ̀lú ẹ̀. Èyí tó kù ni àwọn mẹ́rin ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà màá tẹ ṣíìtì náà jáde lórí ìwé ńlá, aláwọ̀, kí tíṣà tó bá fẹ́ lò ó ní kíláàsì lè gbé e kọ́ sára ògiri, kó ní kí àwọn ọmọ máa fọwọ́ lu tábìlì tẹ̀ lé pupa àti búlúù kó tó ṣí ẹnu sọ ọ̀rọ̀ kankan fún wọn.